Ìgò ni mò ń tà, ọtí ló kàn wà nínú rẹ̀

Tí ẹ bá dé àdúgbò wa ní ọ̀nà Ìjọ̀kà, ní Àkúrẹ́, tó jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ lẹ fi ń wá mi, ẹ lè rìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ ní Ìyá Onígò lẹ ń bi, ọmọ kékeré ló máa fà yín lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà mi. Àwọn oníbàárà ló fi orúkọ yẹn bú mi. Ẹni tó bá mutí lọ́dọ̀ mi, kò tíì dìde tán tí mo ti ń ka ìgò tó wà níwájú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń bínú sí orúkọ náà, nígbà tó yá mo gbà á. Ó sàn kí wọ́n pè mí ní onígò ju kí wọ́n pè mí ní onígbèsè lọ.

Àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì kan pè mí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ọ̀kan ti kó àjọ, èkejì ti rí ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá géètì yunifásítì FUTA, wọ́n fẹ́ máa ta ọtí. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni pé, "Màmá, bíà wo ló ń tà jù?" Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí a lè sọ tán lórí fóònù, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Èmi náà rò bíi tiwọn ní 2013. Mo jókòó ti bírò àti ìwé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì: iye tí wọ́n ń ta kéréètì ní dẹ́pò, iye tí màá tà á ní ìgò kọ̀ọ̀kan, iye ọjọ́ tó wà nínú oṣù. Lórí ìwé, mo ti kọ́lé. Mo gun ọ̀kadà lọ sí dẹ́pò kan, mo há báàgì owó mọ́ abíyá. Ọmọkùnrin tó ń kó ọjà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Màmá, òfìfo yín dà?" Mo ní òfìfo wo? Ó ní, "Ẹ ò gbé ìgò wá? Kí la fẹ́ bu ọtí sí fún yín, abọ́ àbí ìkòkò?"

Ó lé ní ìdajì owó mi tó bá kéréètì àti ìgò òfìfo lọ lọ́jọ́ yẹn. Bíà tí mo gbé délé kò tó nǹkan. Ọkọ mi ka kéréètì tó wà nílẹ̀, ó ka owó tó kù, ó wò mí, kò sọ̀rọ̀. Àìsọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nìyí. Ọtí ni oníbàárà ń sanwó rẹ̀, ìgò kì í ṣe tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ ẹ padà, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún rọ ọtí sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìgò kan náà yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ láìmọye ìgbà. Kéréètì ìgò ńlá ń gba méjìlá. Ẹ gbé òfìfo méjìlá lọ, ẹ gbé kíkún méjìlá bọ̀. Tó bá jẹ́ mọ́kànlá lẹ gbé lọ, ẹ ó sanwó ìgò kan. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́, wọn ò gbà á. Èyí tó ń rùn kẹrosíìnì, wọn ò gbà á. Ìgò ilé-iṣẹ́ kan nínú kéréètì ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n á ṣà á kúrò bí òkúta inú ìrẹsì. Mo ti ṣírò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tèmi: tí ìgò kan bá fọ́, àfi kí n ta bíà bíi mẹ́ta kí n tó padà síbi tí mo wà.

Ìdí tí mo fi ń ka ìgò nìyẹn. Lálẹ́, tí ẹni tó kẹ́yìn bá ti lọ, màá tan tọ́ọ̀ṣì, màá sì fi àtàǹpàkò yí ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan po. Ojú lè tan ènìyàn jẹ lálẹ́. Ìka kì í tanni. Ibi tó bá ti ṣẹ́, bó ti wù kó kéré tó, ìka á bá a. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣe oògùn sí ọtí ni.

Ẹ ẹ̀ ní jẹ́ kí n sinmi tí mi ò bá dáhùn ìbéèrè yín, ó dáa. Ní tèmi, ohun tó bá wà ní ìtòsí ló ń tà. Star ló kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà, ní Èkó, ọdún 1949, àwọn bàbá wa sì fi í ṣe fáàrí. Trophy ní tirẹ̀, Iléṣà níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọ́n ní 1978. Nígbà tí ọjà bá já, tí gbogbo dẹ́pò ń sọ pé mọ́tò kò tíì dé, ti Iléṣà ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Nítorí náà èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí adùn. Ní 1988, ìjọba fòfin de ọkà báálì tó ń ti òkè òkun bọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ bá fi ọkà bàbà àti àgbàdo ilé rọ́pò rẹ̀. Bàbá kan tó máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò mi ṣì ń sọ títí di òní pé láti ọdún náà ni òun ò tíì mu bíà gidi. Ó máa ń mu mẹ́ta kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá tó bí mi, adẹ́mu ni. Ẹmu kò ní dẹ́pò. Láàárọ̀ ó dùn bí oyin, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti le, tó bá di ọ̀la ó ti kan. Ohun tí bàbá mi bá dá lónìí, àfi kó tà á lónìí, tàbí kó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá mu ún lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn ló sì ń ṣẹlẹ̀ jù. Bíà lè dúró oṣù mélòó kan nínú kéréètì, ẹ gbé e dé Ìdànrè, ẹ gbé e dé Ọ̀wọ̀, kò ní yí padà. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni ọtí ìgò ti gba ọjà lọ́wọ́ àwọn bàbá mi. Ṣùgbọ́n mi ò rí i rí kí ẹnikẹ́ni gbé akèrègbè rẹ̀ sá lọ.

Ẹ wá wo ọtí inú ọ̀rá. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé owó pọ́ọ́kú rẹ̀ ló jẹ́ kó gbilẹ̀ ní gáréèjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ bi àwa tó ti tà á rí. Ọ̀rá kò ní òfìfo! Ẹ ra páálí kan, ẹ gbé e lórí, ẹ tà á tán, ẹ lọ ra òmíràn. Kò sí kéréètì, kò sí fíríìjì, kò sí ẹni tí ẹ ó máa sá tẹ̀lé nítorí ìgò. Ìyá tí kò ní ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí. Èmi náà tà á fún ọdún mẹ́rin, ó sì bọ́ ọmọ mi kan délé-ìwé. Ohun tó lé mi kúrò nídìí rẹ̀ ni àwọn ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n ń wá ra méjì-méjì, tí wọ́n á ní bàbá àwọn ló rán àwọn. Ọ̀rá ń wọ àpò ṣòkòtò, ìgò kì í wọ̀ ọ́. Ní 2018, ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí i pé wọn yóò dẹ́kun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ tán nígbà tó bá di 2024. Ní oṣù Kejì ọdún náà, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kúrò lọ́jà, ọ̀rá àti ìgò tí kò bá tó 200ml. Àwọn òṣìṣẹ́ tú jáde, ariwo pọ̀, wọ́n sì tún sún un síwájú di òpin 2025. Ẹni tó bá fi gbogbo owó rẹ̀ sídìí ọjà tí ìjọba ń fi ọjọ́ dá, kó máa gbọ́ ìròyìn lójoojúmọ́.

Ògógóró ni mi ò ní kọjá lára rẹ̀ wéré. Àwọn èèyàn ìhà Òkìtìpupa àti Ìlàjẹ mọ̀ ọ́n sè: wọ́n á dáná sábẹ́ dùrọ́ọ̀mù ẹmu tó ti kan, oru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá láàárín omi tútù, á wá máa kán tó-tó-tó. Mo máa ń gba kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́sẹ̀ nígbà yẹn, àwọn alágbo ń fi í rẹ egbò àti èèpo igi. Oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni ìròyìn dé láti Òde-Ìrèlè pé àwọn èèyàn ń kú. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ wọ́n ti lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, mẹ́tánọ̀ ni, májèlé kan tó jọ ọtí, èyí tó wọnú ògógóró tí wọ́n mu. Ojú lásán kò lè ya mẹ́tánọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọtí mímu. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró.

Lọ́jọ́ tí mo gbọ́, kẹ́ẹ̀gì kan àti ààbọ̀ wà lábẹ́ tábìlì mi. Mo jókòó, mo ń wò ó. Ta ló sè é? Mi ò mọ̀. Kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn kí wọ́n tó rọ ọtí sí i? Mi ò mọ̀. Ẹni tó gbé e fún mi, ẹlòmíràn ló gbé e fún un. Èmi tí mò ń fi ìka yẹ ẹnu ìgò bíà wò lálaalẹ́, mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa kẹ́ẹ̀gì rí. Mo dà á sí gọ́tà. Àwọn ọkùnrin tó jókòó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ọ̀kan tiẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n ṣẹ́ díẹ̀ kù fún òun.

Ní ti owó, ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ ó máa dá iye tí ẹ ó tà á. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2018, ìjọba ṣírò owó-orí bíà ní kọ́bọ̀ 30 lórí sẹ̀ǹtílítà kan. Ìgò ńlá jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 60, ₦18 nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọtí. Ọdún tó tẹ̀lé e, ó di kọ́bọ̀ 35. A rò pé ìyẹn le. 2023 dé, náírà já wálẹ̀, odindi Nigerian Breweries, àwọn tó ń pọn Star, kéde àdánù tó lé ní bílíọ̀nù 106 náírà fún ọdún kan ṣoṣo. Ọdún kejì, àwọn tó ni Guinness Nàìjíríà láti òkè òkun ta ìpín tiwọn fún Tolaram, àwọn tó ń ṣe Indomie. Tí àwọn wọ̀nyẹn bá ń laágùn, kí lẹ rò nípa èmi tí mo ní fíríìjì méjì?

Ìgò ló gbà mí. Gbogbo ìgbà tí owó bá lé lórí ọtí, èyí tí mo ti tà ti lọ nìyẹn, owó tó wà lọ́wọ́ mi kò sì ní ra iye kéréètì tó ń rà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n owó òfìfo náà ń lọ sókè, òfìfo tí mo rà ní 2013 ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà kòrónà ní 2020, tí wọ́n ti ilé ọtí pa, bíà tó wà nílẹ̀ ń sún mọ́ ọjọ́ tó máa bàjẹ́, èmi àti ọkọ mi mu díẹ̀ nínú rẹ̀, a pín díẹ̀. Ogún kéréètì òfìfo ni mo tà fún ẹlẹgbẹ́ mi kan lẹ́yìn náà, òun ni mo fi padà wọ ọjà. Ẹ fi owó àkọ́kọ́ ra òfìfo tó pọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí àga àti iná aláwọ̀ mèremère dúró ná.

Àwìn: ẹ má ta á. Láísẹ́ǹsì: ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fúnni, ẹ gbà á kí wọ́n tó wá bá yín. Ọlọ́kadà tó gbé èrò dúró síta, ẹ fún un ní omi.

Ìnáwó ló kù. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ń ṣe òkú bàbá àgbà kan ní ìtòsí Ìdànrè, mo gbé ogójì kéréètì lọ. Àwa mẹ́ta la gbé ọtí wá, mo sì mọ̀ pé ìgò á dàrú, nítorí náà mo fi pọ́líìṣì èékánná pupa tọ́ àmì sí ìdí gbogbo tèmi. Iṣẹ́ odindi òru ni. Wọ́n jó, wọ́n mu, wọ́n ná owó. Nígbà tí a ka ìgò láàárọ̀, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló dín. Àwọn ọlọ́jọ́ ní kí n máa ṣe sùúrù, pé òkú àgbà ni.

Ó lé ní oṣù márùn-ún kí n tó lọ sí Èkó. Bí a ṣe ń bọ̀, mọ́tò dúró ní Ọ̀rẹ̀, ọmọbìnrin kan gbé ẹ̀pà inú ìgò wá sójú fèrèsé. Mo gba ọ̀kan, mo yí ìdí rẹ̀ sókè. Àmì pupa. Mo bi í níbo ló ti rí ìgò. Ó ní, "Ọjà la ti ń rà á, mà. Ẹ̀pà náà gbẹ dáadáa o." Mo ní kó kó gbogbo èyí tó wà nínú abọ́ rẹ̀ wá. Mẹ́ta ló ní àmì, mo ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Arákùnrin tó jókòó tì mí ní, "Màmá, ẹ mà fẹ́ràn ẹ̀pà o." Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún un. Èmi àti ẹ̀ ń jẹ ẹ́ títí a fi dé Àkúrẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fọ ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi àtàǹpàkò yí ẹnu wọn po, mo kó wọn sínú kéréètì. Ó ku méjìdínlọ́gbọ̀n.