Má Fi “A Dúpẹ́” Dá NDIS Lóhùn: Ìtọ́jú Akàndá ní Nàìjíríà àti ní Ọsirélíà

Ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan bá béèrè àlàáfíà ọmọ tó ní ìpèníjà ara, èsì wa kò ju “A dúpẹ́, ó ń gbìyànjú” lọ. Ìtìjú ni lójú wa láti máa ka ohun tí ọmọ ẹni kò lè ṣe sí àlejò létí. Bí a bá gbé èsì yìí dé Ọsirélíà, ó lè gé owó ọmọ náà kù, torí òṣìṣẹ́ NDIS, ètò ìjọba Ọsirélíà tó ń sanwó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn akàndá, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀.

Nàìjíríà kò ṣàìní òfin o. Láti oṣù kìíní ọdún 2019 ni òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá léèwọ̀ ti wà. Ó ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba fi ìdá 5 nínú 100 àyè iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Èkó ti ṣe tirẹ̀ láti ọdún 2011. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ni àwọn òfin yìí ń sọ. Wọn kò ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ ní orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àǹtí ló ń gbé ọmọ lọ sí balùwẹ̀, kò sì sí ìwé tó ń ka iṣẹ́ wọn.

Ní ti NDIS, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, orúkọ akàndá fúnra rẹ̀ ló wà lórí owó. Wọn kì í béèrè iye tí òbí ń gbà lóṣù. Àmọ́ olùbéèrè kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún 65, físà ọmọ ilé-ìwé kò sì tó. Àfi ọmọ ìlú tàbí ẹni tó ní físà láti máa gbébẹ̀ títí. Owó oúnjẹ àti owó ilé kò sí nínú rẹ̀, wọn kì í sì í sábà sanwó fún ẹbí tó ń ṣètọ́jú.

Ibi tó le jù ni ẹ̀rí. Orúkọ àìsàn nìkan kò tó láti fi béèrè owó. Kí occupational therapist (onímọ̀ ìlera tó ń yẹ bí ènìyàn ṣe ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ wò) kọ ohun tí ara kò lè ṣe: ènìyàn mélòó ló ń gbé e dìde, ìṣẹ́jú mélòó ni wíwọṣọ ń gbà, ìgbà mélòó ni wọ́n ń jí lóru láti yí i padà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tọ̀sán tòru, kí ìpàdé yín pẹ̀lú NDIS tó dé. NDIS gbà pé gbogbo òbí ló ń tọ́jú ọmọ, nítorí náà ẹ fi ọmọ wé ẹgbẹ́ rẹ̀: ọmọ ọdún 9 mìíràn ń dá wẹ̀, èyí kò lè dá wẹ̀. Bí ẹ̀yìn ń dun ìyá nítorí gbígbé ọmọ, ẹ kọ ìyẹn náà.

Nínú ìwé ètò (plan) tí NDIS ń fún akàndá, owó Core, ìyẹn ti ìrànlọ́wọ́ ojoojúmọ́, ló rọrùn jù láti yí lò. Owó Capital, ìyẹn ti ohun èlò ńlá, tí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ arọ kò ṣe é fi ṣe nǹkan mìíràn. Lóde òní, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sábà ń tú owó sílẹ̀. Ẹni tó bá ná tirẹ̀ tán ní oṣù kejì á dúró títí oṣù kẹta yóò fi parí. Ohun tó bá ṣẹ́kù ń tẹ̀ síwájú títí ìwé ètò yóò fi parí.

Bí owó bá kéré, ẹ má gbà á bí ẹni gba àánú. Ẹ ní oṣù 3 láti béèrè pé kí NDIS tún ìpinnu náà yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ilé ẹjọ́ Administrative Review Tribunal ló kàn.