Emanate: ohun tó ń ṣàn jáde láti orísun rẹ̀

Àwọn ọmọ SS2 ni mo ń kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì l'Ádó-Èkìtì. Bí a bá ti dé orí àròkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tí wọ́n máa ń fà yọ bí aṣọ ọdún: emanate. Ibi tí come ti tó, emanate. Ibi tí start ti tó, emanate. Ọmọ kan kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pé "My father emanated from Lagos yesterday." Mo fa ìlà sí i nídìí, mo sì ní kí gbogbo kíláàsì pa ìwé dé ká jọ sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí dára ju ohun tí à ń fi ṣe fáàrí lásán lọ.

Omi ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èdè Látìn ló ti wá, níbi tí manare ti jẹ́ pé kí nǹkan máa ṣàn, tí e tó wà níwájú rẹ̀ sì ń sọ pé ìta ló ń ṣàn sí. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Èkìtì tó ní Ìkògòsì nítòsí. Ẹ wo ibi tí omi gbígbóná yẹn ti ń yọ lábẹ́ òkè, láàárín igi: kò sí ẹ̀rọ tó ń fà á, kò sí ẹni tó ń pọn ọ́n, láti inú ilẹ̀ ló ti ń sun jáde tọ̀sán tòru. Á ṣàn lọ pàdé omi tútù tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, débi pé ẹ lè ki ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, kí ìkejì wà nínú tútù. Orísun kò kúrò níbi tó wà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń jáde wá. Ohun tí emanate ń sọ gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, bàbá ọmọ yẹn kò lè emanate láti Èkó. Kì í ṣe ara Èkó ló ti yọ jáde. Ó wọ mọ́tò, ó sì padà sílé. Òórùn irú tó jáde nínú ìkòkò ọbẹ̀ tó gba gbogbo àgbàlá kan, ìyẹn lè emanate. Ìró ìlù láti ààfin, ìmọ́lẹ̀, àṣẹ, ìròyìn, àhesọ, gbogbo wọn ló bá a mu. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wo páànù orí wa, ó ní, "The heat emanating from the roof." Ó gbà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wú mi lórí jù ni ọ̀rọ̀ agbára ìjọba. Òfin ìpìlẹ̀ Brasil ti ọdún 1988 sọ ọ́ ní abala kìíní pé: "Todo o poder emana do povo." Gbogbo agbára, láti ara àwọn ará ìlú ló ti ń ṣàn jáde. Látìn kan náà ló bí emana yẹn àti emanate. Ẹ sì wo ohun tó wà nídìí rẹ̀: bí agbára bá ń ṣàn láti ara àwọn ènìyàn, a jẹ́ pé kò tán lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò. Òfin ìpìlẹ̀ tiwa ti 1999, ní abala 14, gba ọ̀nà kejì: ó ní ìjọba "derives all its powers and authority" láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn Nàìjíríà. Derive ń wo ẹni tó ń gbà, emanate ń wo ibi tó ti ń wá. Ibì kan náà ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ti Brasil dùn mọ́ mi jù, torí ojú mi kì í kúrò lára àwọn ènìyàn bí mo bá ń kà á.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà yá a lò. Ní nǹkan bíi ọdún 1900, nígbà tí Ernest Rutherford àti Friedrich Dorn ń ṣiṣẹ́ lórí gáàsì tó ń jáde láti ara thorium àti radium, irin méjì tó ń tú ìtànṣán jáde fúnra wọn, emanation ni wọ́n pè é. Radon là ń pè é lónìí.

Èyí tó ń dùn mí ni was emanated from. Mo ń rí i nínú ìwé ọmọ, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà lórí rédíò: "The crisis was emanated from..." Kò sí ẹni tó tú u jáde, fúnra rẹ̀ ló ń jáde. Ẹ yọ was kúrò, ẹ jẹ́ kí from dúró. Bí ẹnìkan bá sọ pé "She emanates confidence", ìwé atúmọ̀ èdè gbà á, èmi náà kì í fagi lé e, ṣùgbọ́n mo máa ń ní kí àwọn ọmọ mi lo exude nínú WAEC kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ní ti lẹ́tà tó wá láti ọ́fíìsì ìjọba, ẹ lè sọ pé ó emanate láti ibẹ̀, torí àṣẹ ọ́fíìsì náà wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà tí akọ̀wé kan kàn gbé lọ síbòmíràn kò sí lára rẹ̀.