Màámi Ní Iyọ̀ Nìkan Ló Ń Fẹ́

Ẹsẹ̀ kòkòrò mẹ́ta ṣì há sínú pákó ẹ̀yìnkùlé wa títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá sí Maryland ní Amẹ́ríkà, mà á ní kó bẹ̀rẹ̀ kó wò ó dáadáa, ní apá ọ̀tún àtẹ̀gùn.

Nígbà tá a ra ilé náà ní 2019, dẹ́ẹ̀kì yẹn ló wọ ìyàwó mi lójú jù. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ẹ sẹ́yìn ilé bíi pèpéle, tí èèyàn lè jókòó sí jẹ àgbàdo. Kò ju ọdún méjì lọ, oòrùn àti yìnyín ti sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú, ìṣó ń yọrí síta, ẹ̀rún igi sì ń gún àwọn ìbejì lẹ́sẹ̀. A pe ọkùnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní dọ́là 2,400. Àṣìṣe tèmi ni pé mo ṣírò ó sí náírà. Ó lé ní mílíọ̀nù kan! Kí n kó mílíọ̀nù kan fún ẹni tó fẹ́ kun pákó, èmi ọmọ-ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà, tí mo ti ń gbé ayùn tẹ̀ lé bàbá àgbà ní Ọ̀yọ́ láti kékeré? (Ká má parọ́, gbígbé ni mo ń gbé ayùn náà. N kò fi rẹ́ nǹkan kan rí.)

Mo lọ yá ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi. Ẹnu márùn-ún ló bá a wá: pupa, yẹ́lò, aláwọ̀ ewé, funfun, dúdú. Ìwé àlàyé wà nínú páálí, páálí wà nínú mọ́tò. Mo mú pupa. Àṣé pupa yẹn kì í fẹ omi ká rárá, tínrín ló ń tú u bí abẹ́rẹ́. Kí n tó mọ̀, ó ti la pákó: ilà mẹ́rin gbọọrọ lápá kan, mẹ́rin lápá kejì. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé. Ó wo pákó, ó wò mí.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ti kọ àbàjà fún un."

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi sáńpépà ha àbàjà yẹn. Kò tán.

Ibi tí mo ti ń ha á ni bàbá òyìnbó tó múlé gbè wá ti wá dúró. Ó ní tó bá jẹ́ òun ni, òun ò ní kùn ún báyìí, òun á dúró di oṣù keje. Mo ní kí ló dé? Ó nàka sí ìdí igi óákù. Ó ní wọ́n ń bọ̀, wọ́n ti wà nísàlẹ̀ láti 2004. Ara mi bù máṣọ. Nílé tiwa, ẹni tó bá ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún, egúngún nìkan ló lè mú un jáde. Mo ní kó ṣeun, mo sì gbà nínú ara mi pé bàbá ti ń ṣarán.

Sátidé kan láàárín oṣù karùn-ún 2021 ni mo kun ọ̀dà olóróró. Ó ń dán yinrin. Ara garawa ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kó gbẹ fún wákàtí 48, torí náà mo ta okùn sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn ọmọ má bàa tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ ò tẹ̀ ẹ́.

Lóru, mo gbọ́ ṣàkàṣàkà, bí ẹni ń rìn lórí ewé gbígbẹ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ ń rìn! Cicada ni wọ́n ń pè wọ́n. Oje gbòǹgbò igi ni wọ́n ń mu lábẹ́ ilẹ̀ fún ọdún 17. Tí ilẹ̀ bá ti móoru tó 64 ní Fahrenheit, gbogbo wọn á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá ohun tó dúró gùn kí wọ́n lè bọ́ awọ wọn. Òpó dẹ́ẹ̀kì mi dúró.

Ilẹ̀ mọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ojú wọn pọ́n kuku, àwọn kan ń fi ìyẹ́ apá kan juwọ́ sí mi. Mo fi ìgbálẹ̀ gbá wọn. Ìgbálẹ̀ náà lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìgbà yẹn gan-an ni Màámi pè láti Ọ̀yọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ rójú àwọn ìbejì. Mo gbàgbé yí fóònù kúrò níbẹ̀.

"Àkànní! Ẹ̀yin náà ń jẹ èsúnsún níbẹ̀?"

"Kì í ṣe èsúnsún, Màámi. Inú òróró tí mo fi kun pákó ni wọ́n kó sí."

"Ta ló kọ́ ọ pé wọ́n ń fi òróró sí èsúnsún? Òróró ti wà lára rẹ̀. Iyọ̀ nìkan ló ń fẹ́. Gbé fóònù fún ìyàwó ẹ."

Ìyàwó mi gba fóònù, ó kúnlẹ̀, ó sì ń dáhùn pé "Ẹ ṣé, mà" sí àlàyé bí wọ́n ṣe ń yan án.

Mo padà pe ọkùnrin ọjọ́sí. Ó ní kò sí ohun tóun lè ṣe sí àwọn tó ti wọnú àbàjà. Ó tún yí i po, lẹ́ẹ̀mejì lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní dọ́là 3,100.

N kò ṣírò ó sí náírà.