Ẹ kọ orúkọ omi sára ìgò: ohun tí tanwíjí kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ ẹ̀fọn, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti ṣìṣe.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbé ìgbákọ lọ sóko, mo bu tanwíjí nínú ipa táyà ọkọ̀ agbégi tí òjò ti rọ sí. Mo tún bu òmíràn nínú oko ìrẹsì tí kò jìnnà ju ibi tí ohùn ènìyàn lè dé lọ. Gbogbo wọn ló nà gbalaja lójú omi bí tanwíjí ẹ̀fọn ibà ṣe máa ń ṣe. Ti kúlẹ́ẹ̀sì, irú ẹ̀fọn mìíràn, a máa dorí kodò ní tirẹ̀. Mo ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, mo dà wọ́n pọ̀ sínú ìgò kan. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò DNA dé, ẹ̀yà méjì ló wà níbẹ̀: Anopheles gambiae àti Anopheles coluzzii. Èwo ló ti inú ipa táyà wá? Kò sí ẹni tó lè sọ mọ́. Iṣẹ́ odidi àsìkò òjò kan bá ìgò yẹn lọ, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ojú lásán kò lè ya àwọn méjèèjì, máíkíróskópù pàápàá kò lè ṣe é. Títí di 2013, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn onímọ̀ kàn ń pe ọ̀kan ní M, wọ́n ń pe èkejì ní S. M ló wá di coluzzii.

Ìbéèrè tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé kí ló dé tí ọ̀kan kò tíì lé èkejì lọ. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń dù nínú omi, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kan náà ni wọ́n ń mu. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra, mo sì kọ́kọ́ fi ìyẹn dá ara mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ipa táyà kì í ṣe ojú ọ̀run. Ibẹ̀ há, oúnjẹ ibẹ̀ kò tó nǹkan, oòrùn sì lè fà á gbẹ kí tanwíjí tó hu ìyẹ́.

Vallée du Kou ni mo ti rí ìdáhùn, níbi oko ìrẹsì ńlá kan lẹ́bàá Bobo-Dioulasso ní Burkina Faso. Àwọn olùwádìí kó tanwíjí wẹ́wẹ́ ti ẹ̀yà méjèèjì sínú omi ìrẹsì àti sínú omi òjò. Wọ́n jẹ́ kí kòkòrò tó ń jẹ tanwíjí wà nínú àwọn kan, wọn kò jẹ́ kó wọ àwọn yòókù. Níbi tí ọ̀tá kò sí, gambiae ló borí nínú omi méjèèjì. Nínú oko ìrẹsì tí ọ̀tá wà, coluzzii ló gba iwájú. Ẹ tún un kà. Ohun tó ń pa ọmọ coluzzii jẹ náà ló ń gbà á lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀.

Ọmọ lámilámi tó ń jẹ tanwíjí kì í sábà ráyè pọ̀ nínú omi òjò kó tó gbẹ, nítorí náà ẹni tó bá yára dàgbà ló là á já níbẹ̀. Omi ìrẹsì máa ń pẹ́ nílẹ̀, ọ̀tá a sì kún un. Coluzzii mọ bí a ṣe ń sá fún wọn. Kì í ṣe pé ẹnì kan kọ́ ọ o: èyí tí kò mọ̀ ọ́n sá ti kú, èyí tó sá ló bímọ, bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran. Àwa ènìyàn ló sì gbẹ́ oko náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì. Akọ àwọn ẹ̀yà méjèèjì kì í sábà kóra jọ síbi kan náà ní ìrọ̀lẹ́ láti wá abo, èyí ni kì í jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àbùdá kan wà tí a ń pè ní kdr, tí kì í jẹ́ kí oògùn ara nẹ́ẹ̀tì ran iṣan ẹ̀fọn. Inú gambiae ló ti bá irú ìgùnra bẹ́ẹ̀ kọjá sí coluzzii. Ní Mali, àkókò tí nẹ́ẹ̀tì ń tàn kálẹ̀ gan-an, ní nǹkan bí 2006, ni ìkọjá yìí gbilẹ̀. Ẹ̀yà méjèèjì kò sì torí bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan. Wọ́n jọ ń kojú oògùn kan náà, àmọ́ omi wọn ṣì yàtọ̀.

Ní ẹkùn Sahel, tí ilẹ̀ ti máa ń gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, coluzzii a fara pamọ́ di ìgbà òjò. Gambiae ní tirẹ̀ jọ pé ó máa ń ti ọ̀nà jíjìn padà wá ni.

Nítorí náà, tí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ̀yà méjì jọ wà níbì kan, ẹ kọ irú omi, ẹ kọ oṣù, ẹ kọ ọdún, ẹ kọ kòkòrò mìíràn tí ẹ bá níbẹ̀. Ẹ̀fọn tí ẹ bu lónìí lè má ní àbùdá tí ìyá ìyá rẹ̀ ní. Mo máa ń bínú tí mo bá rí ìgò tí wọ́n kọ “Anopheles” nìkan sí.

Wọ́n ti ń kọ́lé sórí oko ìrẹsì tí mo ti bu tanwíjí lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Gọ́tà ti gba àárín rẹ̀ kọjá, omi rẹ̀ ti dúdú. Ní Yaoundé, ní Cameroon, irú omi ìdọ̀tí àárín ìlú bẹ́ẹ̀ ni coluzzii ti rọ́wọ́ mú, tí gambiae sì pọ̀ jù ní ìgbèríko. Ní kété tí òjò bá dá lọ́sẹ̀ yìí, mo ń padà lọ sí oko mi àtijọ́ yẹn pẹ̀lú ìgò méjì.