Ooru Ni Í Yọ Yìnyín: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Fín Bàálù Lásìkò Òtútù

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ fífín oògùn yìnyín sára bàálù ní pápákọ̀ òfurufú Kánádà tàbí Britain, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ooru. Ooru ló ń yọ yìnyín. Glycol, èròjà olómi inú oògùn náà, kàn ń dènà kó má tètè dì padà ni. Nítorí náà ni Type I, oògùn aláwọ̀ ọsàn tí a kọ́kọ́ ń fín láti yọ yìnyín, fi gbọ́dọ̀ gbóná tó 60 °C ó kéré tán lẹ́nu ọ̀pá tí ẹ fi ń fín in. Kó gbóná nínú táǹkì nìkan kò tó. Bí ẹ bá dúró lókèèrè, afẹ́fẹ́ á ti gba ooru náà kó tó kan ìyẹ́, ẹ ó wá máa fi oògùn ṣòfò. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Ẹ ti etí iwájú ìyẹ́ lọ sẹ́yìn, ẹ má sì fín ọ̀kan ju èkejì lọ. Bí yìnyín bá gbẹ tó sì nípọn, ẹ kọ́kọ́ fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ẹ má fín oògùn sẹ́nu ẹ́ńjìnnì rárá.

Lójoojúmọ́, ẹ kán oògùn tó ti ẹnu ọ̀pá jáde sí ojú refractometer, ohun èlò tó ń fi bí glycol ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀ hàn. Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní −8 °C, Type I kò gbọdọ̀ dì títí dé −18 °C: àlàfo 10 °C nìyẹn. Ní Washington, 13 January 1982, bàálù Air Florida já sínú odò Potomac, ènìyàn 78 kú. Àwọn olùwádìí dán ọkọ̀ tó fín in wò: glycol 30% ni wọ́n yí i sí, 18% ló ń jáde, nítorí ẹnu ọ̀pá tí wọ́n pààrọ̀ kì í ṣe irú tó yẹ. Ìyẹn nìkan kọ́ ló fa jàǹbá náà o. Bàálù ọ̀hún tún dúró nínú yìnyín fún bí ìṣẹ́jú 49 lẹ́yìn tí wọ́n fín in tán.

Type IV, oògùn aláwọ̀ ewé tí kì í jẹ́ kí yìnyín tuntun dì mọ́ ìyẹ́, ni ẹ ó fi tẹ̀ lé e láàárín ìṣẹ́jú 3, kí ti àkọ́kọ́ má baà dì. Ní tútù, láìfi omi lú u, la sábà máa ń fín in. Kíki rẹ̀ ni agbára rẹ̀, pọ́ǹpù tó ń fi ipá yí i sì ń ba kíki náà jẹ́. Ẹnu ọ̀pá ni kí ẹ ti bu èyí tí ẹ ó yẹ̀ wò. Ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ fífín ìkẹyìn yìí ni ẹ ó ti máa ka àkókò ààbò, ìyẹn iye ìṣẹ́jú tí oògùn fi ń dáàbò bo bàálù, kì í ṣe ìgbà tí ẹ parí.

Ìyókù Type IV máa ń gbẹ sí kọ̀rọ̀ ìdí ìyẹ́ àti ìrù. Bí òjò bá rìn ín, á wú bí ògì tó dì, á sì di yìnyín lókè, kò ní jẹ́ kí ìrù yí bó ṣe yẹ. Ẹ ṣí ibẹ̀ wò, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kúrò.