Ìlà Pupa Létí Òkun: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ ní Erékùṣù Wight

Oṣù yìí ni mo pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó yí Erékùṣù Wight ká, ní gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ra kéèkì. Bí a ṣe ń gé e lọ́wọ́ ni àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa tẹ́ máàpù sórí tábìlì pé kí n bá òun wo iṣẹ́ òun. Ó ti fi ìlà pupa, tó ń sọ ibi tó fẹ́ kí ọ̀nà gbà, tọ etíkun, ìlà náà sì lẹ̀ mọ́ bèbè bí ìṣẹ́tí ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Inú rẹ̀ ń dùn. Èmi ò lè jẹ kéèkì mọ́. Ìlà yẹn gan-an ni mo fà ní ọdún kẹta mi, òkun sì gbé e lọ.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ ọ̀nà yìí, mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀nà, tàbí irú òkúta tí wọ́n ń dà sójú rẹ̀. Ẹ ti kọ́ ìyẹn níléèwé. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún àbúrò yẹn lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́.

Èkíní: ẹ má ṣe wo ilẹ̀ nígbà ooru nìkan. Nínú oṣù Kẹjọ, gbogbo pápá ló gbẹ, gbogbo bèbè ló dúró ṣinṣin. Ẹ padà wá nínú oṣù Kìíní, kí ẹ wọ bàtà òjò, kí ẹ wo ibi tí omi ń gbà.

Èkejì: ẹ mọ onílẹ̀ kí ẹ tó mọ ilẹ̀. Nǹkan bíi máìlì 70 ni ọ̀nà tó yí erékùṣù yìí ká, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí òkun. Láàárín East Cowes àti Wootton, lápá ibi tí ilé Osborne wà, níbi tí Ọbabìnrin Victoria ti kú ní 1901, ọ̀nà fi omi sílẹ̀, ó gba ojú títì. Òfin etíkun ọdún 2009 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti rìn létí òkun, àmọ́ ó yọ ilé àti ọgbà ilé sílẹ̀, kò sì san kọ́bọ̀ fún onílẹ̀ tí ọ̀nà gba pápá rẹ̀ kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fún onílẹ̀ láti fi tako ìlà tí wọ́n bá fà. Ẹni tó jẹ́ pé inú lẹ́tà ìjọba ló ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yín, yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé. Ẹ lọ kí i nílé kí lẹ́tà tó dé.

Ẹ̀kẹta ni amọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gùn.

Lápá gúúsù erékùṣù yìí, òkúta ẹfun àti òkúta oníyanrìn ló wà lókè. Òjò ń gba inú wọn kọjá. Lábẹ́ wọn ni amọ̀ aláwọ̀ aró kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní blue slipper. Omi kì í lè gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà orí rẹ̀ ló ń dúró sí, amọ̀ náà á sì máa yọ̀ bí ilá. Ohun yòówù tó bá wà lórí rẹ̀, ilé ni o, títì ni o, á bá a lọ sí òkun. Ní 1928, òkè ya lulẹ̀ nítòsí Blackgang, ó sì gé títì tó lọ sí Niton. Gbogbo ìyẹn ni mo mọ̀. Mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì yege.

Ní 2012, iléeṣẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà náà rí owó fún apá kan ọ̀nà tí kò tíì sí rí, ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ti máa ń bọ́ sójú títì láàárín mọ́tò. A fẹ́ gbé wọn kúrò níbẹ̀ lọ sétí bèbè. Owó náà gbọ́dọ̀ tán kí oṣù Kẹta 2013 tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò gbà á padà. Èmi ni wọ́n ní kí n fa ìlà. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú ọ́fíìsì náà, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ iṣẹ́. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn.

Onílẹ̀ gbà tìkanratìkanra. Ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òun yọ̀ǹda ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà méjì, kí á fi wáyà pààlà sí i kí ajá má bàa dà àwọn àgùntàn rú. Bàbá àgbẹ̀ kan ló ń yá ilẹ̀ náà dáko, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó tẹ̀ lé mi jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró níbi tí eèsún wẹ́wẹ́ hù sí láàárín koríko, ó ní, “Ìwọ ọmọbìnrin yìí, má gbé e gba ibí. Ibí yìí kì í gbẹ. Bàbá mi sún wáyà yìí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà sì ti sún un lẹ́ẹ̀kan.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò kọ nǹkan kan sínú ìwé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ọkùnrin kan tí ìdílé rẹ̀ ti fẹ̀yìn rìn níwájú òkun lẹ́ẹ̀mẹta sọ ibi tí ewu wà fún mi, mo sì mi orí, mo ń wo omi. Nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, n kò jẹ́ dá irú ẹ̀ láṣà pẹ̀lú àgbàlagbà. Ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ mi ló fún mi láyà.

A ṣe ọ̀nà náà. A fi pákó ṣe àtẹ̀gùn sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ méjì, a gbẹ́ kòtò omi. Bàbá kan wá bá mi, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó ní ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti máa ń jókòó lórí koríko wo ọkọ̀ ojú omi. Ó fẹ́ kí a gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀ kí a kọ orúkọ ìyàwó òun sí i. Mo ní kò burú. Mo ṣèlérí fún un pé yóò pẹ́ ju àwa méjèèjì lọ. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e, ti 2013 sí 2014, wà lára àwọn tí òjò rọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti oṣù Kejìlá ló ti ń rọ̀ tí kò dá. Nínú oṣù Kejì, títì Undercliff Drive lápá gúúsù erékùṣù yìí ya, àwọn èèyàn sá kúrò nílé wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá àgbẹ̀ pè mí ní aago méje àárọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, wáyà wa ń rọ̀ dirodiro láfẹ́fẹ́, àtẹ̀gùn kan dojú délẹ̀ nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. N kò rí bẹ́ǹṣì. Ọlọ́run ló yọ wá tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Bàbá náà ò sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Ó gbé ife tíì fún mi.

Èyí tó dùn mí jù ṣì ń bọ̀. Mo rò pé a ó kàn sún ọ̀nà sẹ́yìn ni. Lọ́yà onílẹ̀ mú ìwé àdéhùn jáde: mítà méjì tí a dárúkọ níbẹ̀ ti wà nínú òkun, nítorí náà àdéhùn ti parí. Onílẹ̀ ò sì ṣe tán láti fọwọ́ sí òmíràn. Bó ṣe ń rí nìyẹn: bí ilẹ̀ bá ṣubú, ẹ̀tọ́ tó wà lórí rẹ̀ á bá a ṣubú. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí àwọn èèyàn fi padà sójú títì láàárín mọ́tò. Nínú ìpàdé, ọ̀gá mi, ẹni tó ní kí n sún ìlà mọ́ bèbè kí fọ́tò lè dára, sọ pé òṣìṣẹ́ tó wà nídìí iṣẹ́ náà ló fa ìlà. Kò parọ́, èmi ni mo fà á. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó sọ fún mi, ó sì dákẹ́. Mo ti dárí jì í títí, kò lọ tán nínú mi.

Nítorí náà, nígbà tí òfin 2009 kan erékùṣù yìí, ibi tí mo kọ́kọ́ ṣí nínú rẹ̀ ni ibi tó sọ pé ọ̀nà lè máa sún sẹ́yìn bí bèbè ṣe ń sún, láìjẹ́ pé a tún lọ gba àṣẹ mínísítà, bí a bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Mítà mẹ́rin ni ọ̀nà náà fẹ̀, ó sì lè rìn. Ká ní mo ní irú ẹ̀ ní 2014! Ṣùgbọ́n òfin ò lè ro ibi tó ń sún lọ fún yín. Bí ọgbà ilé bá wà lẹ́yìn bèbè ńkọ́? Ìlà kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ fà, èyí tí ẹ ó lò lẹ́yìn ogún ọdún, kí ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì dùn sí yín, kí ẹ tó wá fa ti òní.

Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó, mo ń bá ẹ̀yin náà wí. Ìyá mi máa ń sọ bí àwọn ṣe ń nasẹ̀ lọ sí Màrínà nírọ̀lẹ́, igi ṣíji bò wọ́n, ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n kó ilẹ̀ dí omi náà láti la títì fún mọ́tò, ìrìn náà sì parí. Ìdènà òkúta tí wọ́n kọ́ sẹ́nu ọ̀sà fún ọkọ̀ òkun láti 1908 ló há yanrìn mọ́ apá ìwọ̀-oòrùn, tí òkun fi jẹ etíkun Bar Beach sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ọ̀nà etíkun fún yín lọ́la, ẹ béèrè ibi tí yanrìn ń lọ lọ́wọ́ àwọn apẹja.

Mo kọ lẹ́tà sí bàbá tó ni bẹ́ǹṣì. Ó fèsì ní ìlà méjì, pé ìyàwó òun fẹ́ràn òkun, kò sí wàhálà. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Nígbà tí a rí ọ̀nà tuntun gbà ní 2017, mo gbé bẹ́ǹṣì mìíràn síbẹ̀, ó jìn sí bèbè tó àádọ́ta mítà. Òkun kéré láti ibẹ̀, àmọ́ ó hàn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, èmi àti àbúrò tó ni ìlà pupa ń lọ sí oko mẹ́ta. Mo ti fóònù àwọn àgbẹ̀ náà. Máàpù yóò wà nínú mọ́tò.