Ẹ Jẹ́ Kí Ó Wà Nínú Ìwé: Ohun Tí Mo Kọ́ ní Àgọ́ Ọlọ́pàá

Olùkọ́ ilé ìwé girama ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò kọ́ ìmọ̀ òfin, n kò sì ní ẹbí kankan nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ohun tó gbé mi dé ìdí kánńtà wọn ni pé àwọn ará àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, nígbàkigbà tí wọ́n bá sì mú ọmọ ẹnìkan, ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n máa ń wá kàn pé, "Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dé ọ̀dọ̀ wọn." Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ohun tó ń ba àárín ọlọ́pàá àti ará ìlú jẹ́ jù lọ ni ohun tí kò sí nínú ìwé. Owó tí wọ́n gbà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, fóònù afurasí tó wọ dúrọ́ọ̀ láìsí àkọsílẹ̀, ènìyàn tí wọ́n mú lọ́jọ́ Ẹtì tí ìwé wá ń sọ pé ọjọ́ Ajé ni: ibẹ̀ gan-an ni ìwà ìbàjẹ́ ti ń rí ààyè.

A kò lè sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí a má mẹ́nu ba ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Ọjọ́ náà ni ìbọn pa Jimoh Isiaq nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe ìwọ́de ní ìlú wa lòdì sí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ láti gbógun ti ìdigunjalè. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìgbà náà, Mohammed Adamu, kéde pé wọ́n ti tú ẹ̀ka náà ká. Lẹ́yìn náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bíi ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn, gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ kí àwọn tí ọlọ́pàá ti fìyà jẹ lè wá sọ ti ẹnu wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ máa ń béèrè ni ìwé ẹ̀sùn: ta ló ṣe é, níbo, lọ́jọ́ wo, ẹ̀rí wo ló wà? Mo mọ àwọn kan ládùúgbò wa tí ọgbẹ́ wà lára wọn síbẹ̀, tí wọn kò sì rí ohun kan kọ sínú ìwé náà ju pé "àwọn ọlọ́pàá kan" lọ. Wọn kò lọ.

Oṣù kan péré ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ni Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lu Òfin Ọlọ́pàá tuntun, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ti wà láti ọdún 1943. Ó yẹ kí gbogbo ilé mọ díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀. Òfin náà kò gbà kí wọ́n mú ìyá tàbí àbúrò dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn òwò tó bàjẹ́ lásán. Ó sì fún afurasí láǹfààní láti sọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ níwájú agbẹjọ́rò, tàbí, bí kò bá ní agbẹjọ́rò, níwájú ẹlòmíràn tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn. Abẹ́ gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni èmi máa ń jókòó sí. Ìjókòó náà kì í ṣe ti alátakò, nítorí òfin náà kò gbà kí ẹni tí wọ́n yàn dá sí ọ̀rọ̀ nígbà tí afurasí bá ń sọ tirẹ̀. Ojú lásán ni èmi. Ẹ ó sì yà á lẹ́nu bí ojú lásán ṣe ń yí nǹkan padà.

Mo rántí ọmọ fọkanáísà kan tí wọ́n fi ẹ̀sùn bátìrì mọ́tò kàn. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá tó wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti gbé bíróò láti máa kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ tààrà. Mo kí i dáadáa, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ tó wá túmọ̀ rẹ̀, nítorí kóòtù lè béèrè fún ìwé méjèèjì." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó fa ìwé mìíràn yọ, ó sì kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n kà á padà fún ọmọ náà, ó ní ibi tí òun sọ pé òun rí bátìrì náà kọ́ ni wọ́n kọ, wọ́n sì tún un ṣe kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Tí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ lákọ̀ọ́kọ́, ta ni yóò mọ̀? Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ìka sí ìwé tí wọn kò kà sí i létí ní èdè tó gbọ́. Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 pàápàá sọ pé kí wọ́n fi ìdí tí wọ́n fi mú ènìyàn tó o létí nínú ìwé láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e. Abala yìí kan náà ló ní kí wọ́n gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan níbi tí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, àfi bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ irú èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Kóòtù wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ìdí tí ẹni tí wọ́n fura sí pé ó jí bátìrì yóò fi sùn ní àtìmọ́lé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Bí a ṣe ń béèrè ṣe pàtàkì ju bí a ṣe mọ òfin lọ. Ẹni tó bá wọlé tó ń ké nọ́ńbà abala òfin mọ́ ọlọ́pàá ti sọ ọ́ di ìjà agbára, ọwọ́ tiwọn sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó, ẹ mú ìwé kékeré jáde, kí ẹ sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà láyà aṣọ wọn, ọjọ́, àti aago, ní gbangba. Àwọn kan yóò bínú. Àwọn kan, mo jẹ́rìí sí i, yóò dùn sí i. Kọ́pùrù kan wà tó jẹ́ pé ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni kí ó ka gbogbo ohun tó wà lápò afurasí sórí kánńtà, fóònù, bẹ́líìtì, owó dé orí náírà tó kẹ́yìn, kí ó kọ ọ́, kí afurasí sì fọwọ́ sí i. Ó sọ fún mi pé òun ni ìwé náà ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀sùn olè, kì í ṣe afurasí nìkan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọlọ́pàá olóòótọ́ nílò àkọsílẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí òun ni wọ́n yóò pa pọ̀ mọ́ àwọn yòókù bí kò bá sí.

Ní ti béèlì, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni, abẹ́ ògiri náà sì ni wọ́n ti ń dárúkọ iye. Wọ́n á ní owó ìwé ni, tàbí owó epo mọ́tò. N kò ní purọ́: mo ti rí àgọ́ tí kò ní ìwé tí wọ́n ó fi kọ nǹkan, tí ọlọ́pàá ń fi owó ara rẹ̀ rà á. Ìjọba ló jẹ̀bi ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sọ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ opó di ẹ̀tọ́. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "A ó san án, ọ̀gá, ẹ ṣáà bá wa kọ rìsíìtì tí ìdí owó náà wà lórí rẹ̀." Lọ́pọ̀ ìgbà, iye náà a pòórá.

Ibi tí n kò ti ní gbè sẹ́yìn àwa ará ìlú ni ọ̀rọ̀ gbèsè. Ọjà Jágun ni ẹ lọ, kí ẹ béèrè ohun tí ènìyàn máa ń ṣe sí ẹni tó jẹ owó àjọ tàbí owó ọjà tí kò san. Ọlọ́pàá ni wọ́n ń lọ mú wá. Olówó yóò fún wọn ní owó ìṣíde, wọn yóò ti ajigbèsè mọ́lé, àwọn ẹbí rẹ̀ yóò sáré kó owó jọ, ọlọ́pàá yóò yọ tirẹ̀ níbẹ̀, kò sì ní sí ìlà kan nínú ìwé, nítorí wọ́n mọ̀ pé òfin kò gbà á. Àwa tí a kọ́ wọn ní òwò yìí ni a tún ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti bú wọn. Ìyá kan bínú sí mi gidigidi nígbà tí mo kọ̀ láti tẹ̀ lé e lọ ti ẹni tó jẹ ẹ́ lówó mọ́lé. Ó ní mo ń gbèjà olè. Mo ní kóòtù ìbílẹ̀ kò jìnnà. Kò dá mi lóhùn fún ìgbà pípẹ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìwé ń wúlò, ẹ jọ̀ọ́. Lójú títì lóru, níbi tí ìbọn ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ti pọ́n, ẹ̀mí ló ṣe kókó. Ẹ ṣe ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe, kí ẹ fi ojú mú ohun tí ẹ bá lè mú, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá délé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí ó bá di pé kí ẹ fẹjọ́ sùn, ọ̀dọ̀ DPO, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ sí ọ̀gá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Ìbàdàn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Police Service Commission, nítorí àjọ yìí ló ní agbára láti bá àwọn ọlọ́pàá wí, yàtọ̀ sí ọ̀gá àgbà pátápátá. Láti ọdún 2015 ni iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ti ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn ará ìlú, tí wọ́n ń pè ní CRU (Complaint Response Unit). Ìbàdàn tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí wa, owó ọkọ̀ sì ń dun ènìyàn, nítorí náà ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Kí lẹ́tà náà má ju ojú ìwé kan lọ, kí ó jẹ́ ohun tí ẹ rí nìkan, kí èébú má sí nínú rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà kejì dání kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lé e pé àwọn ti gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́, ẹ má bá wọn jà. Ẹ gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ, ẹ fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀, kí ẹ sì so rìsíìtì rẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, nítorí ọjọ́ wà lára rìsíìtì náà.